Mítà Epo Teofilo

"Ahun ti wọ̀ ẹ́ lẹ́wù." Celestino, oníṣẹ́ ẹńjìnnì létí òkun Iriona, ń fi Teofilo ṣe yẹ̀yẹ́. "Apẹja wo ló ń ka epo? Gbé mítà ńlá yẹn sílẹ̀ jàre. Ẹńjìnnì rẹ kéré, mítà ńlá ò ní lè ka ìwọ̀nba epo tó ń mu. Mú kékeré yìí."

Teofilo gba kékeré náà.

Wọ́n gé rọ́bà epo láàárín táńkì àti ẹńjìnnì, wọ́n ki mítà sí i, wọ́n dè é pinpin.

Teofilo rọ epo kún táńkì kan, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ dé ibi òkúta àárín òkun, ó yí padà. Kò tilẹ̀ ju àwọ̀n.

Dionisia, ìyàwó àbúrò rẹ̀, ń dúró dè é létí omi, búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́.

"Bùọ̀dá, epo ò lè tó, àbí? Mo ti ń sọ fún àwọn ará etí òkun. Táńkì kan péré lẹ ní lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wá ọkọ mi lọ, tí òkun ń ru. Epo ló mú yín yí padà."

Teofilo wo mítà. Ó mi táńkì. Epo ṣì ń dún nínú rẹ̀.

Orí òkúta àárín òkun yẹn ni wọ́n ti padà rí òkú àbúrò rẹ̀, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tó fi ṣe àsíá sórí àjẹ̀.

"Epo tó, ìyàwó mi," ó ní. "Ẹ̀rù ló bà mí."