Èrò Ògbómọ̀ṣọ́

Dírẹ́bà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, Ìyá Mùjíbátù ò sọ̀ kalẹ̀.

Àmì ni ikọ́ yẹn ní gáréèjì Móníyà. Ọdún méjìlá ni ìyá yìí ti ń jókòó sínú mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ bí èrò, kí àwọn tó ń bọ̀ lè rò pé mọ́tò ti fẹ́ kún. Tí èrò gidi bá ti ń wọlé, dírẹ́bà á wúkọ́, ìyá á sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra omi, á sì bọ́ sínú mọ́tò mìíràn. Àwọn márùn-ún ló ń ṣe iṣẹ́ náà.

Àmọ́ òní ni wọ́n máa ti gáréèjì pa. Katapílà ti dúró lẹ́nu géètì.

"Ìyá, ẹ ò fẹ́ ra omi ni?"

"Òùngbẹ ò gbẹ mí. Ikọ́ tìẹ ló ń bà mí lẹ́rù. Ṣáná sí mọ́tò, ká lọ ra oògùn ní Ògbómọ̀ṣọ́."

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Láti ọdún méjìlá ni mo ti ń lọ, mi ò tíì débẹ̀." Ó na owó ọkọ̀ sí i.

Dírẹ́bà bojú wẹ̀yìn. Àwọn mẹ́rin yòókù jókòó bí ẹni tí àtè mú, báàgì lórí itan, owó ọkọ̀ lọ́wọ́. Àyè kan péré ló ṣẹ́ kù.

Ó ṣáná. Kò tíì dé géètì tó fi gbọ́ ohùn agbèrò tó ń bá wọn pe èrò. Agbèrò náà gbé báàgì tirẹ̀ lérí, ó ń sáré tẹ̀ lé mọ́tò:

"Ó ku ẹnì kan! Ó ku ẹnì kan o!"