Róbọ́ọ̀tì Méjì Lọ́wọ́ Dókítà Eyín

“Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wò ó bó ṣe ń di tírélà!”

Dókítà eyín yí apá róbọ́ọ̀tì tuntun náà, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ìyàwó rẹ̀ ló ń fi fóònù ya fídíò.

“Wọ́n tún un ṣe jáde, ó sì dára. Àmọ́ kò lè tó ti àtijọ́ tí olóògbé ìyá mi rà fún mi. Ẹ di ojú mi, ọwọ́ mi á mọ̀ ọ́n!”

“Olówó orí mi, ṣé kí n dì í?” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Bí o bá ṣì í mú, pẹpẹ ohun ìṣeré yìí di ti àwọn àwo mi o.”

“Ó ti yá!”

Ó gbé fóònù náà ti pẹpẹ, ó fi ìborùn di ojú ọkọ rẹ̀, ó gbé ọ̀kan nínú róbọ́ọ̀tì méjèèjì lé e lọ́wọ́. Apá róbọ́ọ̀tì náà le, kò yí.

“Ayédèrú!” Dókítà gbé e sílẹ̀, ó gba èkejì. Apá ti èyí yí wẹ́rẹ́. Ẹ̀rín rẹ̀ rọlẹ̀.

“Òun nìyí,” ó wí jẹ́jẹ́. “Bó ṣe rí gan-an nìyí lọ́jọ́ tí ìyá mi gbé e fún mi.”

Ìyàwó rẹ̀ wo róbọ́ọ̀tì tuntun tí ọkọ rẹ̀ dì mú. Ó pa fídíò náà.

“Gbé e wá, kí n tú ojú ẹ.”

Ó fi ti àtijọ́ rọ́pò rẹ̀ kíá, ó sì tú ìborùn.

“Mo sọ fún yín!” Dókítà fò sókè, ó ń jó, ó ń pariwo mọ́ fóònù tí kò ya fídíò mọ́.