Dígí Tó Ń Fi Ìrìn Ọ̀la Hàn

Gbogbo ará ilé ló ní Màmá Akíntándé ti dàgbà jù fún iṣẹ́ abẹ ìbàdí. Síbẹ̀, ó tiro gba orí ẹní ẹ̀rọ ilé ìwòsàn Ìdànrè kọjá, ẹní náà sì ka ìrìn rẹ̀.

Dókítà bi í pé, "Màmá, kí lẹ fẹ́ fi ìbàdí tuntun ṣe?"

"Mo fẹ́ gòkè lọ síbi ibojì ọkọ mi."

Dígí ara ògiri tàn. Màmá rí ara rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ó ń gun òkè náà láìtiro.

"Dókítà, ṣé dígí yìí kì í purọ́?"

"Ó ní ìbàdí tuntun kò ní ṣe ìyá mi láǹfààní, pé ẹ̀yìn ló ń dà wọ́n láàmú. A tọ́jú ẹ̀yìn, wọ́n sì ń rìn."

Màmá tú gèlè rẹ̀.

"Ibo ni kí n dùbúlẹ̀ sí?"