Igi Olódòdó Inú Àbàtà

Oòrùn ti wọ̀ kí Ìbíwùmí àti Lànkẹ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tó kó ìgèrè ẹja wọn tán nínú àbàtà. Ọmọ Ìbíwùmí, ọmọ oṣù mẹ́rin, ń dúró de ọmú nílé.

"Ìyàwó, ta ló ní kó o so ọkọ̀ mọ́ igi olódòdó?" Ohùn Lànkẹ́ lọ sílẹ̀. "Ọ̀pá la máa ń rì mọ́lẹ̀ so ọkọ̀ mọ́ níbí. Ẹ̀yin ará òkè yìí!"

"Ẹ má bínú, Àǹtí mi. Ìtòsí ló wà. Mi ò tilẹ̀ nàgà kí n tó bà á."

Kókó kan péré ni Ìbíwùmí ta sí okùn náà. Mẹ́ta ló tú.

Wọ́n wa ọkọ̀ títí apá fi ń ro wọ́n. Nígbà tí Ìbíwùmí bojú wẹ̀yìn, igi náà kò tíì jìnnà sí wọn rárá, gbogbo òdòdó funfun rẹ̀ sì kọjú sí i. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà náà ni ìkókó kan ké láàárín àwọn ẹ̀ka. Ohùn ọmọ rẹ̀ gan-an ni.

"Má wò ó!" Lànkẹ́ tún ki àjẹ̀ bọ omi. "Ọmọ rẹ wà lọ́dọ̀ ìyá wa. Máa wa ọkọ̀!"

Ìbíwùmí di ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmú rẹ̀ ti gbọ́ igbe náà; omi ọmú ń ṣàn, ó ti rin bùbá rẹ̀ gbindin. Ó gbọ́ tí nǹkan ń wọ́ bọ̀ lórí omi. Nígbà tó lajú, òdòdó kan wà níwájú àyà rẹ̀, ó sì la ẹnu bí ìkókó.