Ọkùnrin tó Ń Wo Ẹnu Kóòṣì

Bí oṣù Kẹta bá ti dé, ìlú kékeré kan ní Iowa, ní Amẹ́ríkà, ni àwọn obìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké ti máa ń du ife bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ìlú náà a mú ẹgbẹ́ kan ṣe ọmọ. Lavonne Hruska, opó tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ni wọ́n fún ní ẹgbẹ́ Harlan Creek láti Montana, tí kò gba ife rí. Ó ra fìlà pupa wọn dé, ó ń yan bisikíìtì fún wọn láràárọ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n gba ife náà bí ẹni pé òun ló bí wọn.

Brita nìkan, ọmọ tó ń darí eré fún wọn lórí pápá, ni kò sún mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Lavonne pè é láti ẹ̀yìn pé kó wá mú bisikíìtì. Ọmọ náà ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Màmá, ẹ fi í sílẹ̀ jàre," ni Joelle, ọ̀kan nínú wọn, wí. "Láti ìgbà Kérésì ló ti ń ṣe bí ayaba. Àwa gan-an ò rí ìdáhùn gbà."

Ọjọ́ tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù tó ṣáájú àṣekágbá ni Lavonne rí ọkùnrin kan. Kò wọ àwọ̀ ẹgbẹ́ kankan, àárín àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ kejì ló jókòó sí, ní òdìkejì pápá. Kì í wo bọ́ọ̀lù, ẹnu kóòṣì Harlan Creek ló ń wò. Bí kóòṣì bá ti sọ̀rọ̀, ọkùnrin náà a fọwọ́ kan èjìká tàbí kó na ìka méjì, Brita a sì wò ó. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, Brita gbọ́wọ́ sókè láti tọrọ ìsinmi ráńpẹ́. Ọkùnrin náà ká ọwọ́ pọ̀ mọ́ àyà. Ọmọ náà sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Wọ́n borí, ṣùgbọ́n Lavonne ò lè yọ̀. Èéfín nìwà, ó ní, tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń ta.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, ó lọ bá Duane, olórí ẹ̀ṣọ́, tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ níwèé nígbà kan rí.

"Ọkùnrin yẹn ń ra ọmọ mi fún àwọn onítẹ́tẹ́."

"Ó dá yín lójú, Tíṣà?"

"Mo ti parọ́ fún ọ rí?"

"Ẹ ní ìṣirò máa wúlò fún mi." Ṣùgbọ́n ó lọ.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù nígbà tó mú ọkùnrin náà jáde. Kò bá a jà. "Ẹ jẹ́ kó parí ná," ló ń bẹ̀, "ìṣẹ́jú mẹ́rin péré."

Brita wo àga tó ṣófo náà, ó tún wò ó. Inú Lavonne dùn sí i.

Ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, Harlan Creek fi àmì ayò kan ṣíwájú, ọmọ ẹgbẹ́ kejì méjì sì há Brita mọ́ igun. Kóòṣì ń pariwo pé ìsinmi wọn ti tán, kò gbọdọ̀ tọrọ rẹ̀. Ọmọ́yẹ ti rìn ìhòòhò wọjà. Brita ti fi àtẹ́lẹwọ́ kan lé orí èkejì láti tọrọ ìsinmi. Ẹni tó bá tọrọ ìsinmi tí kò ní, rẹfirí a fún ẹgbẹ́ kejì ní bọ́ọ̀lù méjì láti jù láìsí ìdíwọ́. Wọ́n ju méjèèjì wọlé. Ife lọ.

Lavonne dúró de Brita lẹ́nu ọ̀nà tí Duane ti dá ọkùnrin náà dúró. Brita jáde, ó ń sunkún, ó kọjá lára rẹ̀, ó lọ dì mọ́ ọkùnrin náà.

"Èló ni wọ́n san fún ọ?" ni Lavonne bi í láti ẹ̀yìn.

"Kò gbọ́ yín, màmá," ni ọkùnrin náà dáhùn. "Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni kí wọ́n má baà yọ òun kúrò nínú ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n etí ọmọ mi ti di láti ìgbà Kérésì, èmi ni mo ń bá a gbọ́ ohun tí kóòṣì bá wí."