Onígbàjámọ̀ Tó Bọ́ Ọ̀já Apá Rẹ̀ Kí Ọjọ́ Tó Pé

Ẹ̀yin tí ẹ ní èjìká, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì o. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá.

1. Onígbàjámọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n. Bó bá gẹrun fún ẹ, eṣinṣin tó bá bà lé orí ẹ á yọ̀ ṣubú. Lọ́jọ́ kan, ó já bọ́ látorí àkàbà níbi tó ti ń kọ́ pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, iṣan èjìká ọ̀tún já. Dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó rán iṣan náà mọ́ eegun.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lapá yìí máa fi wà nínú ọ̀já tá a fi gbé e kọ́ yín lọ́rùn," ni dókítà wí. "Ìrora á kọ́kọ́ lọ kí iṣan tó lẹ̀ mọ́ eegun. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín o."

2. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ìrora lọ. Ọkùnrin yìí jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń ṣọ́ àbúrò rẹ̀ tó ń bá a gẹrun àwọn oníbàárà. Ọ̀gá iléèwé ló wà lórí àga. Àbúrò gẹ iwájú orí baba náà, ó wọ́ bí ọ̀nà oko.

"Gbé kílípà yẹn wá!"

"Ẹ̀gbọ́n, dókítà ní..."

"Ṣé dókítà ló kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Ó bọ́ ọ̀já, ó gbápá sókè. Fàáà! Igbe tó ké, adití àdúgbò kejì bi ìyàwó ẹ̀ pé, "Ta ló pè mí?"

3. Dókítà wò ó, ó mirí. "Ó tún ti já. A ó tún un rán, àmọ́ kò sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Bó bá tún já, apá yìí ò ní kọjá àyà mọ́."

Onígbàjámọ̀ tápá ẹ̀ ò dé orí èèyàn, ṣé irun ẹsẹ̀ ni yóò máa gẹ? Ọkùnrin sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kejì, ó gbọ́ràn. Bó bá fẹ́ fọwọ́ ọ̀tún họ imú, ìyàwó á pariwo: "Baálé mi, ọwọ́ òsì ń kọ́? Imú ọ̀hún ò kúkú sá lọ!"

Nígbà tọ́jọ́ pé tí wọ́n bọ́ ọ̀já, nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ni ní eré apá, ìyẹn eré ìdárayá tó ń jẹ́ kápá le padà, ní kó máa fi ìka gun ògiri bí aláǹtakùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìka dé ìdodo.

"Mo lè tì í dé òkè o!"

"Bàbá, ibi tó bá dé lónìí, ẹ fi í síbẹ̀."

Lóṣù kẹta, ó dé àgbọ̀n. Lóṣù kẹfà, ó kọjá àtàrí! Ìyàwó ẹ̀ jó títí bàtà fi já.

4. Dókítà ní kó padà síṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó gẹ orí méjì, èjìká bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ẹni kẹta jókòó. Ó na kílípà sí àbúrò rẹ̀.

"Gbà, ìwọ ni kó o ṣe èyí. Máa rọra, mo ń wò ẹ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìrora lè lọ kí ara má tíì jinná. Ẹ má bọ́ ọ̀já kí dókítà tó ní kí ẹ bọ́ ọ. Eré apá tí wọ́n bá kọ́ yín, ẹ ṣe é, ẹ má ṣe é jù. Àwọn àgbà ò kúkú purọ́: pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n.