Ohun Tó Ṣẹ́kù Nínú Ìgò

Ọmọ ò tíì wẹ̀ tán tí apoògùn fi pè lórí fóònù. Ọkùnrin náà máa ń pe àwọn tó bá gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, yóò béèrè bí ara ti ń gbà á, yóò sì fi àwàdà lé e. “Ìyá Aláròyé, ṣé ọmọ yín ò tíì fi ọ̀rọ̀ lé yín jáde nílé?” Lọ́jọ́ yìí, kò sí àwàdà.

“Ẹ gbé ìgò oògùn náà dání, kí ẹ mú ọmọ wá. Ti òwúrọ̀ yìí ńkọ́, ṣé ẹ ti fún un?”

“Mo fẹ́ fún un báyìí ni, sà.”

“Ẹ má fún un. Ẹ máa bọ̀.”

Ìyá Aláròyé gbé fóònù sílẹ̀. Wọ́n ti mọ̀. Ta ló sọ? Kò lè ju ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin lọ. Lánàá ni ìyẹn já wọ ilé ìdáná lójijì, níbi tí òun ti ń da oògùn sínú síǹkì, tí òun sì yáa ṣe bí ẹni ń fọ síríńjì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ wo síǹkì, ó wo ojú rẹ̀, ó bu omi tirẹ̀, ó jáde.

Oògùn gìrì ni. Lẹ́yìn tí gìrì gbé ọmọ náà lẹ́ẹ̀kejì ni dókítà kọ oògùn olómi fún un, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìgò àkọ́kọ́ lé gìrì lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lé ọ̀rọ̀ lọ pẹ̀lú. Ọmọ tí kì í panu dé, tó máa ń bi ògiri pàápàá ní ìbéèrè, wá ń jókòó bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé sẹ́yìn. Dókítà ní yóò mọ́ ọn lára, kí wọ́n ní sùúrù. Ìyá ní sùúrù títí ìgò yẹn fi tán. Nígbà tí wọ́n gba òmíràn, tó rí i pé ìyẹn tún ki ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń fà á sínú síríńjì bó ṣe yẹ, láàárọ̀, lálẹ́, tó ń dà á nù, kí ọkọ rẹ̀ lè máa rí i pé ìgò ń fà.

Ọ̀rọ̀ padà sí ọmọ lẹ́nu. Inú ọkọ dùn. “O ò rí i? Oògùn ti bá a lára mu. Ìwọ lo fẹ́ máa bá dókítà jà.”

Ó bá ọkọ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dénú. Bí ọmọ bá ta ẹsẹ̀ lójú oorun, àyà rẹ̀ á já. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, òun náà kò sì rí oorun sùn.

Nílé oògùn tó wà nínú ọsibítù, èrò pọ̀ níwájú fèrèsé, ṣùgbọ́n bí apoògùn ti rí wọn ló ti fèrèsé náà, tó jáde wá bá wọn.

“Ṣé a ò sí níbí ni?” bàbá àgbà kan bi í.

“Ẹ má bínú sí mi, bàbá.” Kò dúró. Ó kó ìyá àti ọmọ wọ yàrá kékeré tí wọ́n ń kó páálí oògùn sí. Kò tíì gba ìgò. Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú ọmọ, ó rọra fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, ó wo ibi tó funfun nínú ẹyinjú rẹ̀.

“Kí lẹ̀ ń wá lójú mi?” Aláròyé bi í. “Ṣé nǹkan yín sọ nù ni?”

Apoògùn ò rẹ́rìn-ín. “Rìn dé ẹnu ọ̀nà, kí o padà wá.”

“Ṣé a jọ máa rìn ni?”

“Ṣe ohun tí wọ́n ní kí o ṣe,” ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì na ìgò sí apoògùn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀ nípa ìyẹn, nítorí oògùn ti fà dé ibi tó yẹ kó fà dé. Ọkùnrin náà ò tilẹ̀ wo ibi tó fà dé. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìgò ló kà, ó tún un kà, bí ẹni tí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́.

“Ìyá Aláròyé, òótọ́ ni mo fẹ́ gbọ́. Ṣé ẹ ń fún un?”

“Mò ń fún un, sà. Láàárọ̀, lálẹ́. N kò fo ọ̀kan rí.”

Ó retí kí ojú ọkùnrin náà rọ̀. Ńṣe ló ṣú.

“Kò bì í sílẹ̀ rí? Kò dà nù mọ́ yín lọ́wọ́ rí?”

“Ẹ̀kán kan ò dà nù.”

Apoògùn fọwọ́ ti ògiri. “Kì í sùn jù? Oúnjẹ ńkọ́?”

“Ó ń jẹun dáadáa. Ẹnu rẹ̀ lẹ̀ ń gbọ́ yẹn.”

“Nǹkan lè wà nínú kó má tíì hàn lójú. Dókítà ń retí wa. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n á fa omi sí i lára, wọ́n á sì dá a dúró.” Kò wo ojú ìyá bó ti ń sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Aláròyé fi aṣọ ìyá rẹ̀ bojú.

“Màámi, kí ni mo ṣe?”

Ìyẹn ni ìyá rẹ̀ kò lè gbé. Ó fi ara rẹ̀ dí nọ́ọ̀sì lọ́nà.

“Ẹ má gún un. Mo purọ́. N kò fún un ní ẹ̀kán kan nínú ìgò yìí, síǹkì ló mu gbogbo rẹ̀. Ẹ pe bàbá rẹ̀, ohun tó bá wù yín ni kí ẹ fi mí ṣe. Ọmọ ò mọwọ́ mẹsẹ̀.”

“Ẹ tún un sọ.”

“N kò fún un.”

“Ẹ fi ọmọ yìí búra.”

“Mo fi í búra.”

Ó tẹ orí ba, ó ń dúró de èébú.

Apoògùn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn páálí, ó di ìgò náà mọ́ àyà, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n kó tó lè sọ pé, “Oògùn àgbàlagbà ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé fún yín, ìyá, láti òwúrọ̀ ni mo sì ti ń wá ẹnu tí n ó fi sọ ọ́.”